Ínṣọ́ránsì Ìrìnàjò àti Ìbéèrè Tí Màmá Mi Ò Fẹ́ Dáhùn

"Ṣé ẹ ní àìsàn kankan lára?"

Ìbéèrè tí mo kà fún màmá mi lórí fóònù nìyẹn, ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Lọ́ńdọ̀nù, mò ń kọ fọ́ọ̀mù ínṣọ́ránsì ìrìnàjò fún àwa márùn-ún: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjèèjì, àti màmá mi.

"Olúwa má jẹ̀ẹ́," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ara mi le."

"Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Oògùn tí ẹ máa ń lò láàárọ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Mò ń lo oògùn sí i, ó sì ti lọ sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ máa fi ẹnu ara ẹ pe àìsàn mọ́ mi lára ni?"

Mo dákẹ́. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n bí sí òkè òkun, ẹ mọ irú ìdákẹ́ yẹn dáadáa. Èmi tí mo fi ìwé àti fídíò kọ́ Yorùbá fún ara mi nígbà tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo mọ ìtumọ̀ "ẹ̀jẹ̀ ríru". Ohun tí ìwé ò kọ́ mi ni bí ọmọ ṣe ń sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló gbé wa débẹ̀. Ní ọdún 2019, kí àrùn kòrónà tó dé, £74 ni mo fi ra ínṣọ́ránsì fún àwa mẹ́rin tí a lọ sí Nàìjíríà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò ka ìwé rẹ̀. Ìbéèrè àìsàn wà níbẹ̀ nígbà yẹn náà. Mo tẹ "rárá" fún gbogbo wa láìbi màmá léèrè, mo sanwó, mo sì gbàgbé.

Ní 2021, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan náà di £231. Nígbà tí mo fi ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà màmá kún un, ó fò sókè sí £346.

"Ṣé o rí i?" ni màmá wí. "Ẹnu ẹ ló náni ní £115 yẹn."

A ò sì lè sọ pé a ò lọ mọ́. Ìyá màmá mi wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 88. Ìgbà tí ayé ti ìlẹ̀kùn ní 2020 la bí àbíkẹ́yìn wa. Orí fóònù nìkan ni ìyá àgbà ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí a bá pè wọ́n ni wọ́n máa ń béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ máa gbé e wá kí n gbé e?"

Kí ló gbé owó náà lọ sókè?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 17 oṣù yẹn, ìjọba Ìlú Ọba gba àwọn ará ìlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n má rin ìrìnàjò tí kò pọn dandan lọ sí orílẹ̀-èdè kankan. Ní ọjọ́ 23, Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú Èkó àti Àbújá pa mọ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń ti òkèèrè bọ̀. Ó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó tún ṣí i.

Gbogbo ẹni tí ìrìnàjò rẹ̀ bàjẹ́ ló ń béèrè owó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì kan dáwọ́ títà dúró pátápátá fún àwọn oníbàárà tuntun. Nígbà tí wọ́n padà sọ́jà, wọ́n ti ṣírò ewu tuntun mọ́ iye tí wọ́n ń tà á: ẹni tí kòrónà máa mú lọ́hùn-ún, ẹni tí wọ́n máa fi bàálù gbé padà wálé, ẹni tí àyẹ̀wò máa dá dúró ní pápákọ̀.

Owó orí tún wà nínú rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, owó orí ínṣọ́ránsì mọ́tò àti ti ilé jẹ́ 12%, ṣùgbọ́n ti ìrìnàjò jẹ́ 20%. Nínú £346 tí wọ́n pè fún wa, nǹkan bíi £58 ló ń lọ sápò ìjọba. Àwọn ọmọdé kì í sábà fi nǹkan púpọ̀ kún un. Ọjọ́ orí àgbà àti àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló máa ń gbé e sókè, ìdí nìyẹn tí ìdílé bíi tiwa, tí ìyá àgbà ń bá ọmọ-ọmọ rìn, fi ń rí i bí iná.

Ọ̀rọ̀ tó yí màmá lọ́kàn padà

Mo gbìyànjú láti fi Yorùbá tó gún régé ṣàlàyé. Mo ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ adójútòfò…"

"Kí ni yẹn?"

"Adójútòfò. Ohun tó ń dójú ti òfò."

"Àbí ínṣọ́ránsì lò ń sọ? Sọ ínṣọ́ránsì, jọ̀ọ́."

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. "Bí mo bá dá àjọ, owó mi á padà wá bá mi. Ti àwọn òyìnbó yìí, bí kò bá sí nǹkan tó ṣe mí, wọ́n ti jẹ ẹ́ gbé nìyẹn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo rán wọn létí àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú kòrónà, àǹtí yìí lọ sí Ìbàdàn, àrùn rọpárọsẹ̀ sì kọlù wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ní ínṣọ́ránsì o. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà béèrè ìwé ìlera wọn lọ́wọ́ dókítà wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́, wọ́n sì rí i pé "rárá" ni wọ́n tẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Wọn ò san kọ́bọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló dáwó lórí WhatsApp. Màmá mi fi £50 sílẹ̀ nínú owó yẹn, wọ́n sì sunkún lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Mọ́mì, owó tí ẹ dá fún àǹtí yẹn, ṣé ó padà wá bá yín?"

"Rárá. Ta ló ń retí ẹ̀?"

"Ohun tí ínṣọ́ránsì jẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe àjọ. Owó tí gbogbo èèyàn dá sílẹ̀ kí wàhálà tó dé ni, ẹni tí wàhálà bá sì bá ni wọ́n máa gbé e fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá parọ́ wọlé, wọn ò ní gbé e fún un."

Òfin tó dè é nìyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin ọdún 2012 lórí ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ní Ìlú Ọba, ojúṣe wa ni pé kí a fara balẹ̀ dáhùn ìbéèrè wọn lọ́nà tó tọ́. Bí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, wọ́n lè fagi lé àdéhùn náà pátápátá, kí wọ́n má san ohunkóhun. Bó bá jẹ́ àìkíyèsí ni, wọ́n lè dín iye tí wọ́n máa san kù. Èmi tí mo tẹ "rárá" ní 2019, a jẹ́ pé £74 yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ bo màmá mi rárá. À ń ná an bí ẹni tó ní ààbò, kò sì sí ààbò níbẹ̀. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá: mò ń ṣọ́ iye owó, mi ò ṣọ́ ohun tí owó náà rà.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ò sùn

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nínú iṣẹ́ wa, gbogbo nǹkan dá lórí "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe tọ̀hún". Bí ìwé ínṣọ́ránsì náà ṣe rí nìyẹn, àfi pé inú "àyàfi" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń lúgọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á tán, mo sì rí "àyàfi" kan tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí: wọn ò ní san owó òtẹ́ẹ̀lì tí ìjọba bá ní kí èèyàn sé ara rẹ̀ mọ́.

Ìdajì oṣù Kejìlá la fẹ́ gbéra. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, nítorí Omicron, ìjọba Ìlú Ọba kéde pé Nàìjíríà máa wọ àkọsílẹ̀ pupa láti ọjọ́ 6. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ gbọ́dọ̀ sé ara rẹ̀ mọ́ òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́wàá: £2,285 fún àgbàlagbà àkọ́kọ́, £1,430 fún àgbàlagbà tó bá tẹ̀ lé e, £325 fún ọmọ bíi àkọ́bí wa. Bí gbogbo wa tilẹ̀ há sínú yàrá kan, ó ju £5,000 lọ. A ò ní irú owó yẹn. Màmá ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ń gbàdúrà. Ní ọjọ́ 15, wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò. Ọjọ́ kejì la di ẹrù.

Ohun tí mo kọ́

Ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba ni mò ń sọ; ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ẹ wo òfin tiyín.

Ẹ má bi òbí yín pé, "Àìsàn wo lẹ ní?" Ẹ ní, "Oògùn wo lẹ ń lò?" Ìdáhùn tí ẹ ò ní rí gbà nínú ti àkọ́kọ́, ẹ máa rí i nínú ìkejì. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìwé oògùn wọn fún yín.

Bí àìsàn bá gbé owó yín sókè gan-an, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-iṣẹ́ náà tọ́ka yín sí àkójọ àwọn tó mọ̀ nípa ìrìnàjò aláìsàn. Ẹ máa rí àkójọ náà lórí MoneyHelper. Ibẹ̀ la ti rí ti £289, pẹ̀lú gbogbo òótọ́ wa nínú rẹ̀.

Bí màmá tàbí bàbá bá fẹ́ lo oṣù mẹ́ta nílé, ẹ kíyè sí ínṣọ́ránsì ọlọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú wọn kì í bo ìrìnàjò kan ju ọjọ́ 31 lọ. Bákan náà, bí kì í bá ṣe Amẹ́ríkà lẹ̀ ń lọ, ẹ má ra èyí tó kó Amẹ́ríkà mọ́ ọn; ó máa ń wọ́n.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa ń ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ẹ bá rà á láti yí ọkàn padà, bí ẹ ò bá tíì gbéra. Inú ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ka ìwé náà.

Ẹ fi nọ́ńbà pàjáwìrì wọn sí fóònù gbogbo àgbàlagbà tó ń lọ. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó dá yín dúró ní ọsibítù, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Ẹ má sì gbàgbé ibà. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, ara wọn ò mọ ibà, bó ti wù kí orúkọ wọn jẹ́ Yorùbá tó. Ẹ gba oògùn ìdènà fún wọn kí ẹ tó lọ. Ínṣọ́ránsì kì í lé ẹ̀fọn.

Abẹ́òkúta

Ìyá àgbà gbé ọmọ náà sórí itan wọn, wọ́n kì í títí ó fi sùn. Màmá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ò ru, ṣúgà ò gòkè, kò sẹ́ni tó pe nọ́ńbà kankan.

Nígbà tí a padà dé Lọ́ńdọ̀nù, màmá ní, "A ò mà lo £289 yẹn o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kó bá ẹlòmíì ṣe é."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a tún ń múra àtilọ, mi ò tíì béèrè nǹkan kan tí fóònù mi fi dún. Màmá ni. Wọ́n ti ya fọ́tò ìwé oògùn wọn ránṣẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ara mi le. Ṣùgbọ́n kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀."