Bí ewéko ṣe ń fi kálíṣíọ̀mù mọ ọ̀tá àti ọ̀rẹ́

Ọmọ abúlé wo ni kò tíì fọwọ́ kan patanmọ́ rí, kó sì máa wo bó ṣe ń pa ewé dé? Eré ọmọdé ni lójú ọ̀pọ̀ wa. Àmọ́ ní 2022, Masatsugu Toyota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Saitama, ní Japan, fi hàn pé patanmọ́ kò ṣeré rárá. Wọ́n fi púrótéènì kan sínú rẹ̀ tó máa ń tàn níbi tí kálíṣíọ̀mù bá ti pọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ṣá ewé lọ́gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ gbéra lójú ọgbẹ́, ó ń kan oríkèé ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ewé sì ń pa dé tẹ̀ lé e. Àwọn patanmọ́ tí kò lè pa ewé dé mọ́, tata jẹ wọ́n ju àwọn yòókù lọ.

Kálíṣíọ̀mù tó wà nínú eegun wa náà nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ewéko kì í jẹ́ kó pọ̀ nínú omi inú rẹ̀, nítorí náà bí díẹ̀ bá rọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì ti mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Ní 2018, Toyota àti Simon Gilroy ti Yunifásítì Wisconsin–Madison ní Amẹ́ríkà ti fi fídíò gbé irú rẹ̀ jáde lára Arabidopsis, ewéko kékeré tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń lò. Ìdin labalábá gé ewé kan jẹ. Glutamate tú jáde lójú ọgbẹ́ (òun náà ló ń mú magí dùn lọ́bẹ̀), ó ṣínà fún kálíṣíọ̀mù, iṣẹ́ tí kálíṣíọ̀mù ń jẹ́ sì ń rìn tó mílímítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ewé tí kòkòrò kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń múra ìjà.

Ọ̀rẹ́ ńkọ́? Bí bakitéríà rhizobia bá kan gbòǹgbò ẹ̀wà, kálíṣíọ̀mù kì í kàn rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ṣe ló ń lọ sókè sódò láàárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, léraléra. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ CCaMK ló ń ka ìlọsókè-sódò yìí, ẹ̀wà á sì gba àlejò náà wọlé, á kọ́ kókó fún un lára gbòǹgbò, àlejò á máa fi náítrójìn inú afẹ́fẹ́ bọ́ ọ.

Ìrẹsì àti àgbàdo náà ní CCaMK, torí wọ́n ń fi í gba àwọn olú kan tó ń gbé inú gbòǹgbò láyè. Èyí ló mú kí àwọn olùwádìí iṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ ENSA, tí Yunifásítì Cambridge wà lára ibùdó rẹ̀, máa wá bí irúgbìn oníhóró ṣe lè gba bakitéríà bíi ti ẹ̀wà, kí àgbẹ̀ Áfíríkà tí kò rówó ra ajílẹ̀ lè jàǹfààní. Wọn kò tíì ṣe é yọrí.