Àǹfààní Òṣìṣẹ́ àti Iṣẹ́ Akọ̀wé ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àwọn olùkọ́ ni a sábà máa ń yìn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni ó ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìwé. Òun ni ó ń tọ́jú èsì ìdánwò, òun náà ni ó sì ń fi èsì náà ránṣẹ́ sí ibi tí a ti bèèrè rẹ̀. Bí ó bá fi í falẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wa. Kí ni ó ha lè mú kí akọ̀wé ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn?

Àǹfààní òṣìṣẹ́ ni ohun tí agbanisíṣẹ́ ń ṣe fún un lẹ́yìn owó oṣù: ìtọ́jú àìsàn, ìsinmi ọdún, owó ìfẹ̀yìntì, àti irú wọn. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2014 ní kí a yọ náírà 8, ó kéré tán, nínú 100 náírà owó oṣù òṣìṣẹ́ pamọ́ fún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì fi náírà 10 kún un.

Àwọn àgbà ní, ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àníyàn. Akọ̀wé tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí kò sì ní owó ìwòsàn, ojú rẹ̀ wà lára ìwé, ọkàn rẹ̀ wà nílé. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni í kọ 46 sí ipò 64. Ṣùgbọ́n bí ètò ìlera bá wà fún ìdílé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ sídìí iṣẹ́.

Síbẹ̀, àǹfààní nìkan kò tó. Ní ọdún 1959, Frederick Herzberg, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bí igba ẹnjiníà àti olùṣírò owó ní Pittsburgh. Wọ́n rí i pé bí owó àti ìtọ́jú kò bá dára, ìkùnsínú a dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ṣe yanjú, ìyìn àti ìgbéga ni í mú ìtara wá. Ríro oko kì í ṣe iṣu, ṣùgbọ́n iṣu kì í ta dáadáa nínú koríko.

Èyí tí ó burú jù ni ìlérí tí a kò mú ṣẹ. Òfin kan náà pàṣẹ pé kí owó ìfẹ̀yìntì dé ibi ìpamọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí a bá ti san owó oṣù. Agbanisíṣẹ́ tí ó yọ owó náà, tí kò sì fi í ránṣẹ́, kò fún òṣìṣẹ́ ní àǹfààní kankan. Ó fi kún àníyàn rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe ṣèlérí púpọ̀; èyí tí ẹ bá ṣe, ẹ mú un ṣẹ lásìkò, kí ẹ sì máa yin ẹni tí ó ṣe dáadáa. Ẹ̀yin akọ̀wé pẹ̀lú, ẹ rántí pé ọjọ́ ọ̀la ọmọ ẹnìkan wà nínú ìwé tí ó wà lórí tábìlì yín.