Oòrùn Aládùúgbò: Ilé Kíkọ́ ní Àdúgbò tí Ó Há ní Jàpáànù

Bí a bá wo ìlú Tokyo láti orí ilé gíga kan, ilé kéékèèké alájà méjì tàbí mẹ́ta ni ojú yóò rí, wọn a tẹ́ rẹrẹ títí ojú kò fi ní tó wọn mọ́. Àwọn ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 14 ni ó ń gbé ní ẹkùn náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ni ó ní ilé tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tirẹ̀, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ kéré bí ẹní. Ìbéèrè tí ó wá yẹ kí á bi àwọn ayàwòrán-ilé ibẹ̀ ni èyí: báwo ni ènìyàn ṣe lè kọ́lé sí irú àyè bẹ́ẹ̀ kí ó má sì fi ilé náà pa aládùúgbò rẹ̀ lára?

Ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kéré kí ilé tó kéré. Bí olórí ìdílé bá kú, ìjọba a gba owó orí lórí ogún tí ó fi sílẹ̀. Láti ọdún 2015, ìwọ̀n tí ó ga jù lọ nínú owó orí náà jẹ́ 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilẹ̀ Tokyo sì gbówó lórí. Àwọn ọmọ tí kò ní owó lọ́wọ́ a gé lára ilẹ̀ bàbá wọn, wọn a tà á láti fi san gbèsè yìí. Ilẹ̀ kan a di méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tí ó bá bọ́ sí ẹ̀yìn kò ní rí ojú títì àfi láti ẹnu ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àwọn ará Jàpáànù sì fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àsíá àti òpó rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú àwòrán.

Òfin kò sì gbà kí oníkálukú ṣe bí ó ti wù ú. Òfin ilé kíkọ́ ti ọdún 1950 pa á láṣẹ pé ó kéré tán, mítà 2 lára ilẹ̀ tí a óò kọ́lé sí gbọ́dọ̀ kan ọ̀nà, ọ̀nà náà sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà 4. Òfin mìíràn ní kí ilé fi ààyè ìdajì mítà sílẹ̀ sí ààlà ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣà àdúgbò tàbí ògiri tí iná kò lè jó lè yí èyí padà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kì í fi í fara kan ara wọn, tí àlàfo tóóró sì máa ń wà láàárín wọn.

Oòrùn ni ọ̀rọ̀ náà wá le lé lórí jù lọ. Òtútù máa ń mú púpọ̀ ní Tokyo nígbà ọyẹ́, ìhà gúúsù ni oòrùn sì ti ń tàn wọ ilé. Ẹni tí ó bá kọ́lé gíga sí gúúsù ti gba ìmọ́lẹ̀, ooru àti ibi ìsáṣọ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní àríwá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1972, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ ẹnì kan ní agbègbè Setagaya tí ó fi àjà kejì kún ilé rẹ̀ láìgba àṣẹ, tí òjìji rẹ̀ sì bo ilé aládùúgbò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí ó san owó gbà-máà-bínú. Láti ìgbà náà, ó ti hàn gbangba pé oòrùn tí ó ń wọ ojú fèrèsé jẹ́ ohun tí ènìyàn lè béèrè níwájú adájọ́. Ní ọdún 1976, òfin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye wákàtí tí òjìji ilé kan lè fi bo ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Àlejò tí ó bá rí òrùlé Tokyo tí a gé lọ́nà dídagun ní ìhà àríwá lè rò pé àṣà ìbílẹ̀ ni. Òfin ni. Ní àdúgbò tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé kúkúrú, ilé lè ga tó mítà 5 ní ẹ̀bá ààlà àríwá. Lẹ́yìn èyí, mítà kan tí ilé bá fi jìnnà sí ààlà ni ó fún un láàyè láti fi mítà kan àti ìdá mẹ́rin mítà ga sí i. Ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn ènìyàn ń yìn pé ó rí bí iṣẹ́ ọnà, ìṣirò yìí ni ó gbẹ́ ẹ.

Ní ọdún 1966, Takamitsu Azuma kọ́ ilé kan fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ ní agbègbè Shibuya. Ilẹ̀ náà kò ju yàrá kan tí òòró rẹ̀ jẹ́ mítà 5, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4 lọ. Ó fi kọ́ńkéré gbé yàrá lé yàrá, láti abẹ́ ilẹ̀ títí dé òkè, ìpele mẹ́fà. Yàtọ̀ sí ti ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, kò sí ilẹ̀kùn kankan nínú ilé náà, títí kan ibi ìwẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá wà a gun òkè lọ.

Ní Osaka, Tadao Ando, ẹni tí ó ti fìgbà kan jẹ́ akànṣẹ́, tí ó sì kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ilé yíyà, gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1976, ní Sumiyoshi, ó yọ ilé àárín nínú àwọn ilé onígi mẹ́ta tí ó so pọ̀, ó sì fi ilé kọ́ńkéré dípò rẹ̀. Iwájú rẹ̀ kò fẹ̀ tó mítà 4, kò sì ní fèrèsé kankan lójú títì. Ó pín ilé náà sí mẹ́ta, ó sì ṣí ìpín àárín sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Láti ibẹ̀ ni oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Láti ibẹ̀ náà ni òjò ti ń wọlé: ẹni tí ó bá fẹ́ ti yàrá ìbùsùn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru nígbà òjò ní láti mú agboòrùn dání. Wọ́n fún iṣẹ́ yìí ní ẹ̀bùn ńlá ní ọdún 1979. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n pín in pẹ̀lú àwọn tí ó gbà láti máa gbé ibẹ̀.

Kì í ṣe òfìfo ni Ando ti mú ọgbọ́n yìí wá. Ní Kyoto, àwọn oníṣòwò àtijọ́ ń gbé inú ilé tí iwájú rẹ̀ tóóró, tí ó sì gùn lọ sẹ́yìn, tí wọ́n fi ń pè é ní ibùsùn ẹja tí ó gùn bí ejò. Ọgbà kékeré inú ilé ni ó ń fún wọn ní ìmọ́lẹ̀. Ohun tí Ando fi kún un ni ògiri tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dáàbò bo onílé, ṣùgbọ́n kí ni ó fún ẹni tí ó ń kọjá? Bí gbogbo ilé àdúgbò bá rí bẹ́ẹ̀, òpópónà yóò di ọ̀nà láàárín ògiri méjì.

Ryue Nishizawa ni ó dá ìbéèrè yìí lóhùn jù lọ, nínú ilé kan tí ó parí ní ọdún 2005 ní agbègbè Ota ní Tokyo. Dípò kí ó kọ́ ilé kan ṣoṣo, ó fọ́ ọ sí mẹ́wàá. Òmíràn jẹ́ yàrá kan péré, òmíràn ga tó àjà mẹ́ta, ibi ìwẹ̀ pàápàá dá dúró ní tirẹ̀. Onílé ń gbé inú díẹ̀, ó sì fi ìyókù háyà fún àwọn àyálégbé. Láàárín wọn ni ọgbà kéékèèké àti ọ̀nà ẹsẹ̀ wà, kò sì sí odi tí ó pààlà láàárín wọn àti òpópónà. Àlàfo tí òfin fi dandan lé láàárín ilé àti ilé, tí àwọn ẹlòmíràn ń kó pàǹtírí sí, ni Nishizawa mú wọ inú ilẹ̀ náà tí ó sì sọ di ibi ìjókòó. Àwọn ilé náà kò tóbi ju ti àwọn aládùúgbò lọ, nítorí náà àdúgbò kò mọ̀ wọ́n lára bí àlejò.

Irú ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀ ni àwọn ayàwòrán-ilé fẹ́ràn, àwọn panápaná kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923, iná ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún tí ó kú ní Tokyo àti agbègbè rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kobe ní ọdún 1995, tí ènìyàn tí ó lé ní 6,000 kú, àdúgbò àwọn ilé onígi ní Nagata jó kanlẹ̀.

Ìjọba kò wó àwọn àdúgbò wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ọ̀nà kò bá tó mítà 4, ẹni tí ó bá tún ilé rẹ̀ kọ́ gbọ́dọ̀ sún ògiri rẹ̀ sẹ́yìn títí yóò fi jìnnà tó mítà 2 sí àárín ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tíì tún tirẹ̀ kọ́ wà níbi tí ó wà. Nítorí náà ni ọ̀nà náà ṣe ń fẹ̀ ní ilé kan lẹ́yìn òmíràn: ògiri tuntun wà lẹ́yìn, ògiri àtijọ́ yọ síwájú. Lórí ilẹ̀ díẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó ti di ọ̀nà gbogbo ènìyàn lójú òfin, àwọn ìyá àgbà a gbé ìkòkò òdòdó wọn sí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ a wá, a ní kí wọ́n kó o kúrò kí ọkọ̀ panápaná lè rí ọ̀nà kọjá.