Kódù nìkan kọ́: ohun tí JAMB 2025 fi kọ́gbọ́n

Àbúrò mi kan pè mí láti Ìlárá-Mọ̀kín. Ó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n lọ lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní yunifásítì, nígbà tí mo lè fi oṣù mẹ́fà kọ́ coding lórí YouTube?" Mo ní òfin ni mo kà, kí ló dé tó jẹ́ èmi ló ń bi? Ó ní ṣebí èmi ni mo mọ ẹjọ́ rò, kí n bá òun rò ó.

Mo bá a rò ó, àti ìlú tó ti pè mí gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìlárá-Mọ̀kín ni Olóyè Michael Adé-Òjó ti wá, ẹni tó dá Elizade sílẹ̀ ní 1971, tó so Elizabeth, orúkọ ìyàwó rẹ̀, mọ́ Adé tirẹ̀. Mọ́tò Toyota ló fi di ìlú mọ̀ọ́ká. Yunifásítì Elizade tó dá sílẹ̀ nílé gba ìwé àṣẹ ní 2012, wọ́n sì ń kọ́ Automotive Engineering níbẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi ro mọ́tò wò. Mú ẹ́ńjìnnì tó dáa, bírékì tó dáa àti táyà tuntun, kó wọn jọ sílẹ̀. O ò tíì ní mọ́tò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tó máa rí i pé bírékì yẹn lè dá eré ẹ́ńjìnnì yẹn dúró, tó sì ti ronú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí táyà bá bẹ́ lórí eré. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni wọ́n ń pè ní systems engineering. Bákan náà ló rí nínú sọ́fítíwia, àfi pé ojú kì í rí bírékì tibẹ̀.

Ṣé ẹ rántí JAMB 2025? Nígbà tí èsì jáde nínú oṣù Karùn-ún, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ tó ṣèdánwò, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ tí kò gba tó 200 nínú 400. Àwọn àgbà kan ti ń pariwo pé ọlẹ ni wọ́n, pé TikTok ló bà wọ́n jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Ọlóyèdé, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn l'Ábújá, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. JAMB yí ọ̀nà ìdánwò padà lọ́dún náà. Wọ́n ń da ìbéèrè àti ìdáhùn rú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ti ẹni tó jókòó tì í. Ọgbọ́n tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bí A tèmi bá ti di C tìẹ, kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdáhùn wọlé gbọ́dọ̀ mọ̀. Wọ́n ṣe update fún un. Wọ́n gbé e sórí àwọn server apá kan, àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ò gbé e sórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Kò sì sẹ́ni tó rí i kí èsì tó jáde. Ibùdó ìdánwò 157 nínú 887 ló kàn, ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún un ṣe. Àwọn tó ṣe tiwọn l'Àkúrẹ́ bọ́, kì í ṣe pé wọ́n mọ̀wé ju ọmọ Èkó lọ, server apá kejì ló gba tiwọn ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Update náà wà, ó sì ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n gbé e sí. Ẹni tó kọ ọ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ṣe iṣẹ́ òun. Ìbéèrè tí a ò rẹ́ni bi ni pé: ta ló ń wò ó pé ohun kan náà wà lórí gbogbo server? Kí ló máa ké gbàjarè bí ọ̀kan bá yàtọ̀? Kí èsì tó jáde, ta ló fi máàkì Èkó wé ti ọdún tó kọjá? YouTube máa kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kọ kódù, ó sì máa kọ́ ẹ dáadáa, n ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bíbéèrè irú ìbéèrè wọ̀nyí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kíkọ ìdáhùn sílẹ̀, àti dídán odidi ètò wò pẹ̀lú àwọn tí ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, nǹkan tí èèyàn ń jókòó kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé ẹjọ́ pàápàá. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí wa ti 2011 ní kí ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde tó di ẹ̀rí, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Mo mọ abala yẹn sórí nígbà tí mo wà nílé ìwé. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè pé ta ló tiẹ̀ lè mọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin gbà pé kọ̀ǹpútà ò ṣìṣe àyàfi tí ẹnìkan bá fi hàn pé ó ṣìṣe. Horizon, ètò ìṣirò owó tí Fujitsu ṣe fún iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, ń sọ pé owó kò pé. Láàárín 1999 sí 2015, ó lé ní 900 èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi olè àti màgòmágó. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ọdún 2024 ni ilé aṣòfin tó ṣòfin tó pa ìdálẹ́bi náà rẹ́.

Ẹ̀kọ́ náà wà nílé wa o. UNILAG ní ẹ̀ka Systems Engineering. FUTA, tí ìjọba dá sílẹ̀ l'Àkúrẹ́ ní 1981, ń kọ́ Software Engineering. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde ní 2022 sì fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láyè láti fúnra rẹ̀ yan ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó máa kọ́ni. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n fojú sí. Ìpínlẹ̀ kòkó nìyí. Òfin tí Yúróòpù ṣe ní 2023 ní kí a lè tọ ipasẹ̀ kòkó dé oko tó ti wá. Fóònù àgbẹ̀, máàpù oko, ìwé òṣùwọ̀n, ilé ìkẹ́rùsí, ọkọ̀ ojú omi: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọdún kan to ìyẹn pọ̀, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, kí iná lọ, kí àgbẹ̀ sọ fóònù nù, ká wá wo ohun tó ṣẹ́ kù.

Mo mọ̀ pé iná ń lọ nílé ìwé pẹ̀lú, olùkọ́ ń já pa, ọ̀pọ̀ tó kọ́ lórí fóònù sì ti ń gbowó dọ́là báyìí. Mo ní kí àbúrò mi máa wo YouTube rẹ̀ lọ, kó sì kọ Software Engineering sínú fọ́ọ̀mù.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, JAMB tí mo fẹ́ ṣe yìí náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé update dé gbogbo server?"

Mo ní kó sáà lọ gba fọ́ọ̀mù ná.