Ṣé o mọ̀? Ọkọ̀ apẹja oníkùn méjì

Ṣé o mọ̀ pé ní etíkun KwaZulu-Natal, ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀pọ̀ apẹja kì í ti èbúté gbéra? Orí iyanrìn ni wọ́n ti ń ti ọkọ̀ kékeré sínú òkun, ní ibi bíi Sodwana Bay àti Shelly Beach, tí wọ́n á sì la ìgbì kọjá. Kátámaráànì, ọkọ̀ oníkùn méjì tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn, wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni ẹwà rẹ̀ ń hàn jù. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ sún sí ẹ̀gbẹ́ kan láti fa ẹja ńlá wọlé, kì í fì tó oníkùn kan. Ẹ́ńjìnnì méjì ló sábà máa ń ní, ọ̀kan ní ìdí ikùn kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé ọ délé.

Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, kí o tó sanwó, bẹ̀rẹ̀ kí o wo àlàfo tó wà láàárín ikùn méjèèjì. Bó bá rẹlẹ̀ jù, omi á máa gbá a lábẹ́ gbàù-gbàù. Àpọ̀jù ẹrù náà ń fa èyí, nítorí ikùn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í pẹ́ rì wọlé: ka epo, yìnyín, ẹja àti èèyàn mọ́ ọn. Má ṣe dán an wò lórí omi tó parọ́rọ́ nìkan; ní kí àwọn tó ń tà á gbé ọ jáde lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yí i kíákíá, di irin mú dáadáa: àwọn ọkọ̀ oníkùn méjì kan máa ń fì síta dípò kí wọ́n fì sínú.