Ẹ Pa Touchpad Kí Ẹ Tó Kún Fọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé laptop wá sí ọ́fíìsì wa láti kún fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó jókòó.

Fọ́ọ̀mù tó ní àṣìṣe ti pọ̀ jù níwájú wa. Orúkọ bàbá á wà nínú àyè àdírẹ́sì. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, tó yẹ kó ní díjíìtì 11, á ku 9. Méjì yòókù á ti bọ́ sínú àyè mìíràn. Ẹni tó kún un á ní òun kò fọwọ́ kan ibẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ, kò mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ òun ló kàn án.

OHUN TÓ Ń FÀ Á

Touchpad tó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù kò nílò kí a tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Bí ìdí àtàǹpàkò bá ti kàn án, ó lè kà á sí títẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ìlà tó ń ṣẹ́jú á fò lọ síbi tí atọ́ka wà, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà tó kù á máa bọ́ sí. Nígbà mìíràn, á mú odindi ọ̀rọ̀. Ẹyọ lẹ́tà kan tí ẹ bá tẹ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà parẹ́ nìyẹn.

MOUSE NÌKAN KÒ TÓ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n á so mouse mọ́ laptop, wọ́n á rò pé touchpad ti kú. Kò kú. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àyàfi bí ẹ bá pa touchpad fúnra yín.

Windows 11: ẹ ṣí Settings, ẹ wọ "Bluetooth & devices", lẹ́yìn náà "Touchpad". Ẹ yọ àmì kúrò lára "Leave touchpad on when a mouse is connected".

Windows 10: ẹ wọ "Devices" nínú Settings, kí ẹ sì ṣe bákan náà.

Mac: ẹ ṣí System Settings, "Accessibility", "Pointer Control". Ẹ tan "Ignore built-in trackpad when mouse or wireless trackpad is present".

A tún un sọ: ẹ so mouse, kí ẹ sì pa touchpad. Ọ̀kan láìsí èkejì kò yanjú ọ̀ràn.

BÍ KÒ BÁ SÍ MOUSE

Lórí Windows, ní ojú ìwé "Touchpad" kan náà, ẹ fi "Touchpad sensitivity" sí "Low sensitivity". Ẹ yọ àmì lára "Tap with a single finger to single-click". Láti ìgbà náà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún.

ẸNI TÓ BÁ NÍ KÍBỌ́Ọ̀DÙ YÍN TI BÀJẸ́

Ẹ má sanwó fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ pa touchpad. Bí ìlà náà kò bá fò mọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́.

KÍ Ẹ TÓ FI RÁNṢẸ́

Bí ọ̀rọ̀ bá parẹ́ lójijì, ẹ tẹ Ctrl àti Z pọ̀ (Command àti Z lórí Mac). Ẹ ka fọ́ọ̀mù láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá orúkọ, ọjọ́ ìbí àti NIN. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn: àtúnṣe lẹ́yìn tó bá ti lọ lè ná yín lówó àti àkókò. Ẹ dákun, ẹ pa touchpad kí ẹ tó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́.