Iṣẹ́ Ìjọba l'Ókè-Ògùn: Kí Ló Wà Lẹ́yìn Owó Oṣù?

Ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù ní Tedé tàbí Òkèhò l'Ókè-Ògùn kì í sábà bi tíṣà pé èló ló ń gbà. Ọjọ́ tí owó ń wọlé ló máa ń fẹ́ mọ̀. Láti ìgbà tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti dé lọ́dún 2019, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù ni òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń fojú sọ́nà fún owó rẹ̀, àwọn ọlọ́jà náà sì ti mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ ọjà. Àgbẹ̀ tó ní oko kaṣú àti oko ẹ̀gẹ́ lè lówó ju tíṣà lọ dáadáa, síbẹ̀ tíṣà ni wọ́n á kó ọjà fún láwìn. Òjò kì í dá owó oṣù dúró.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà ń jẹ nínú ìdánilójú yìí. Wọ́n ń yọ owó ọmọ ẹgbẹ́ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rù kì í bà wọ́n láti yá a ní owó. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pa mọ́ ni wọ́n ń yá a, àwọn òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ á sì ṣe onídùúró. Tẹ́ ẹ bá bi ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó kọ́lé ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ṣakí pé báǹkì wo ló ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ̀rín ni wọ́n á rín.

Àmọ́ ẹni tó ń sọ pé "iṣẹ́ ìjọba" bí ẹni pé ẹyọ kan ni, kò tíì wo ìwé owó oṣù àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ká ní ojúlé mẹ́ta wà níwájú wa. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, nínú ọgbà Old Oyo National Park, ló ń gbé ojúlé kìíní. Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó fún un, torí pé ọgbà àpapọ̀ ni igbó náà láti ọdún 1991. Nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn ìpínlẹ̀ ló ń gbé ojúlé kejì, Ìbàdàn ni owó tirẹ̀ ti ń wá. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà ní ojúlé kẹta, inú owó ìjọba ìbílẹ̀ sì ni wọ́n ti ń sanwó rẹ̀. Ìjọba mẹ́ta, òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ ogbó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ má rò pé ìjọba tó ga jù ló ń sanwó tó pọ̀ jù lórí gbogbo nǹkan. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, ₦80,000 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi ti tirẹ̀ sí. Ìjọba Mákindé tún máa ń san owó oṣù kẹtàlá nígbà ọdún Kérésì. Ẹ̀ṣọ́ igbó kò ní irú rẹ̀.

Àfikún owó oṣù ti mú ariwo ńlá wá rí. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Údójì ṣe olórí rẹ̀ jábọ̀ lọ́dún 1974, ìjọba ọ̀gágun Gowon sì fi kún owó oṣù, wọ́n ní kí àfikún náà bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún yẹn. Nígbà tí ọdún 1975 bẹ̀rẹ̀, wọ́n san àjẹsílẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó Údójì ni tẹrú-tọmọ ń pè é. Ó ra alùpùpù, ó ra rédíò, ó fẹ́ ìyàwó. Kò pẹ́ tí ọjà gbówó lórí, ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ ìjọba sì ń ra gaàrí ní iye tí owó ẹlòmíràn sọ ọ́ dà.

L'Ókè-Ògùn, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ará ibí rí iṣẹ́ ìjọba nítòsí ni ADP, ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé kówó lé lórí láàárín àwọn ọdún 1980, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ṣakí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ kó wá fi Ṣakí ṣe ibùjókòó. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń rìn láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo ajílẹ̀ àti irúgbìn tuntun. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé a kì í làágùn nídìí iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá ti gun alùpùpù láti Ìgbòho lọ sí Kíṣì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí eruku pupa bò ó títí dé ìpéǹpéjú, yóò mọ̀ pé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ADP. OYSADA, ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí òwò iṣẹ́ àgbẹ̀, ló jogún iṣẹ́ náà lónìí.

Ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn gan-an ló yẹ ká jókòó tì. Nọ́ọ̀sì àti tíṣà wa ṣì wà lábẹ́ ètò àtijọ́, tí ìjọba ti ń fi owó ara rẹ̀ san gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá lo ọdún márùn-ún ti ní ẹ̀tọ́ sí gírátúítì, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá lo mẹ́wàá ti ní ẹ̀tọ́ sí pẹ́ńṣàn. Ẹni tó bá pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù: gírátúítì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan, pẹ́ńṣàn rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí gbogbo owó tí nọ́ọ̀sì ń gbà lọ́dún tó ń fẹ̀yìn tì bá jẹ́ ₦1,200,000, gírátúítì rẹ̀ yóò jẹ́ ₦3,600,000, yóò sì máa gba ₦80,000 lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ẹni tó lo ọdún mẹ́wàá péré lórí owó kan náà, ₦30,000 lóṣù ni tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi máa ń bá ọmọ rẹ̀ jà tó bá fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún kẹsàn-án.

Ti ẹ̀ṣọ́ igbó yàtọ̀. Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2004, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2014, ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìjọba dá ìdá 10, nínú owó oṣù gan-an pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀. Tí àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦100,000, ₦18,000 ń wọ àpò kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lóṣooṣù, tí iléeṣẹ́ aládàáni sì ń fi ṣòwò. Owó rẹ̀ ni. Tí ó bá fi igbó sílẹ̀ lọ síbòmíràn, ó ń bá a lọ. Kò sí ìlọ́po mẹ́ta kankan níbẹ̀ o. Àmọ́ òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún un, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Fún ẹni tó ń fi ìbọn lé ọdẹ tó ń yọ́ wọ igbó ọba lóru, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn.

Ètò ìlera wà pẹ̀lú. Ti ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, ń tọ́jú òṣìṣẹ́, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ìdá mẹ́wàá owó oògùn nìkan ni wọ́n ń san. Ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin. Ó hàn pé àwọn tó ṣe ìṣirò náà kò dé agboolé kankan n'Ígbẹ́tì kí wọ́n tó kọ ọ́. Lífù, ìyẹn ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, kò gba àlàyé púpọ̀: ọjọ́ 30 lọ́dún fún ẹni tó wà ní ìpele keje sókè, tí ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 112 fún obìnrin tó bímọ nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Gbogbo èyí ni ìwé sọ. Òṣìṣẹ́ Ọ̀yọ́ kò sì gbàgbé ọdún 2015 sí 2016, tí owó oṣù kò wọlé fún oṣù gbọgbọrọ, tí ìjọba àpapọ̀ ní láti yá àwọn ìpínlẹ̀ lówó kí wọ́n tó lè sanwó. Nígbà yẹn, àwọn ọlọ́jà kan náà tí ń kó ọjà fún tíṣà láwìn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó lọ́wọ́. Ní ti pẹ́ńṣàn, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, abala 210, ní kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù bá lọ sókè, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Òfin náà kò sọ ẹni tí yóò rán ìjọba létí tó bá gbàgbé.

Ohun tó sì ń dun àwọn àgbà Òkè-Ògùn jù ni ọ̀nà. Àgódi, n'Íbàdàn, ni ọ̀pọ̀ fáìlì wà. Ẹni tó ń ti Kíṣì tàbí Ìgbẹ́tì bọ̀ láti lọ wo ibi tí gírátúítì rẹ̀ dé yóò sùn lọ́nà, tàbí kí ó gbéra kí àkùkọ tó kọ. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe ti mú kí ìrìn àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá rọrùn. Fọ́ọ̀mù kan tún wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nílé olókùú: ibi tí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó rẹ̀ sí lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́. Ká ní ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà, kò tíì níyàwó, ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ìyàwó àti ọmọ márùn-ún wà nílẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n kò kúrò nínú fáìlì. Ó ṣeé yí padà ní ọ́fíìsì nígbàkigbà tí òṣìṣẹ́ bá ṣì wà láàyè, a ò sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣọ̀lẹ sí i.

Ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀ṣọ́ igbó, nọ́ọ̀sì àti tíṣà wa, ẹni tó ń hun aṣọ òfì n'Ísẹ́yìn ń ta aṣọ fún ìyàwó òṣìṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní kọ́bọ̀ kan lọ́jọ́ tí ojú kò bá rí òwú mọ́. Lọ́dún 2019, àjọ tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn, PenCom, ṣí ètò kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Alájàpá, télọ̀ àti awakọ̀ lè dá owó sínú àpò pẹ́ńṣàn lójoojúmọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí nígbà tí ọjà bá tà. Kò sí agbanisíṣẹ́ tí yóò dá ìdá 10 sí i. Ahunṣọ tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò kọ́kọ́ wá iléeṣẹ́ pẹ́ńṣàn tó ní ọ́fíìsì tàbí aṣojú nítòsí, yóò sì mú nọ́ḿbà ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ.